Egungun Ọkọ̀ ní Ìkóríta Ọ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Bìní rí, ìbáà sùn nínú ọkọ̀, ìbáà lajú sílẹ̀, yóò mọ ìgbà tí ó dé Ọ̀rẹ̀, nítorí pé bí awakọ̀ kò bá tilẹ̀ dúró kí àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ iyán, òórùn dísù, èéfín ẹran sísun àti ariwo òòlù lára irin yóò ta á jí. Ìkóríta ni Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan ti Èkó àti Ṣàgámù wá, èkejì kọrí sí Bìní, ẹ̀kẹta gòkè lọ sí Odígbó àti Oǹdó, ẹ̀kẹrin sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa àti Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ tán tí omi sì gba ipò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà kò gbàgbé ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, tí àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo ṣe olórí wọn la Bìní kọjá, tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà, láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí Yorùbá fi ń ṣàpèjúwe nǹkan tí ó bá kọjá agbára, pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Ìjà tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà le tirẹ̀: ìjà àárín irin àti alumíníọ̀mù ni, lórí èwo nínú wọn ni ó yẹ kí a fi ṣe egungun ọkọ̀.

Egungun ni mo wí, n kò wí egúngún. Ará ọ̀run kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni férémù, ìyẹn àwọn irin gbọọrọ tí wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàsì, tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé lórí, tí táyà rọ̀ mọ́, tí èrò àti ẹrù sì fi ṣe ibùsùn. Ní ìlú ńlá, ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ a lọ ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí, kò sì ní í fi ìgbà kan bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀. Ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gẹdú, ilẹ̀ kòkó, ilẹ̀ ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ọ̀nà oko ibẹ̀ kò sì bá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà mu. Nítorí náà, àwọn ènìyàn a máa gé ọkọ̀, wọn a máa là á, wọn a máa fi ti ibí kún ti ọ̀hún, títí tí ohun tí ó jáde kò fi ní í jọ ohunkóhun tí òyìnbó ṣe rí. Agbégilódò, ọkọ̀ akígbe-kó-tó-dé, akọ ọkọ̀ tí ń ru ìtì igi bí ẹni ru ìgànná, òun ni àgbà wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tọ́rọ́là tí a ń so mọ́ katakata, àti àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ sọ di akérù. Ọwọ́ àwọn ajórin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wẹ́dà, ni gbogbo wọn ti ń jáde.

Mo jókòó ní ìsọ̀ ajórin kan lẹ́bàá ọ̀nà Oǹdó lọ́jọ́ kan, mò ń dúró de ẹni tí yóò bá mi tún ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi ṣe, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wọlé wá. Oko kòkó rẹ̀ wà ní ìhà Odígbó. Ó ní ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ Marwa kan nílé tí ó ṣì dára, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí yóò lè gba ọ̀nà tóóró wọ inú oko, tí yóò sì kó kòkó jáde sí títì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wẹ́dà.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó.”

“Mo ti bá ọmọ mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ó ní kí a má fi irin ṣe é o. Ó ní alumíníọ̀mù ni ayé ń lò báyìí, pé ó fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà.”

“Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, Bàbá. Àmọ́, ààbọ̀ òótọ́ ni.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Jẹ́ kí n gbọ́ ààbọ̀ tí ó kù.”

Ajórin náà kò fèsì. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan sí ẹni tí ń ra kòkó ní òdì kejì títì pé kí ó lọ yá òṣùwọ̀n wá, òun fúnra rẹ̀ sì fa páìpù onígun mẹ́rin méjì jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, ọ̀kan irin, ọ̀kan alumíníọ̀mù. Méjèèjì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Fífẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ mìlímítà 40, nínípọn ara wọn sì jẹ́ mìlímítà 3, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá kun àwọn méjèèjì ní ọ̀dà kan náà, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òṣùwọ̀n ni ó yà wọ́n. Ti irin lé díẹ̀ ní kílò 10. Ti alumíníọ̀mù kò pé kílò 4. Bàbá wò mí bí ẹni pé kí n bá òun jẹ́rìí sí i pé ọmọ òun gbọ́n. Ṣùgbọ́n ajórin náà kò tíì parí. Ó to búlọ́ọ̀kù sí apá ọ̀tún, ó to òmíràn sí apá òsì, ó gbé páìpù irin dábùú wọn, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ jókòó sí àárín rẹ̀. Páìpù náà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tó ìbú ìka kan. Ó gbé ti alumíníọ̀mù síbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan náà jókòó. Ìka mẹ́ta ni ó tẹ̀.

“Ṣé kò ní í kán?” ni Bàbá bèèrè.

“Kò ní í kán, sà. Bí ó bá dìde, á padà sí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i.”

Ohun tí Bàbá rí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi ìṣirò kọ sínú ìwé. Bí a bá rọ irin kún inú àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, yóò wọn nǹkan bíi kílò 7,850. Alumíníọ̀mù tí ó kún àpótí kan náà yóò wọn nǹkan bíi 2,700, tí kò ju ìdá mẹ́ta irin lọ púpọ̀. Bí a bá sì gbé ẹrù kan náà ka àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù yóò tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ti irin. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi fúnni ní fífúyẹ́ ni ọwọ́ òsì gbà padà ní líle, ìwọ̀n kan sì ni àwọn méjèèjì fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá yọ páìpù irin kúrò nínú àwòrán ọkọ̀, tí ó sì fi alumíníọ̀mù tí ó bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀ láìṣe àyípadà mìíràn, ọkọ̀ tí yóò máa jó bí ijó ẹlẹ́gẹ̀ ni ó ṣe fún ara rẹ̀.

Èmi kò sì fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mo ti dájọ́ kí n tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì. Alumíníọ̀mù ní ọgbọ́n kan tí ó ń ta. Líle páìpù kò dúró lórí ohun tí a fi ṣe é nìkan. Ó dúró lórí bí ara rẹ̀ ti tóbi tó, bí a bá sì sọ páìpù di ìlọ́po méjì ní fífẹ̀ láìfi kún nínípọn ara rẹ̀, líle rẹ̀ yóò súnmọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ alumíníọ̀mù kì í lo páìpù mìlímítà 40 níbi tí irin ti ń lo 40. Wọn a mú 60. Mítà kan páìpù irin wa lẹ́ẹ̀kan yẹn wọn nǹkan bíi kílò 3 àti ààbọ̀. Mítà kan ti alumíníọ̀mù oní-60 kò pé kílò 2, ó sì tún le ju ti irin náà lọ díẹ̀. Bí ọkọ̀ Bàbá bá gba mítà 30 páìpù, ohun tí yóò jèrè tó kílò 50. Àpò sìmẹ́ńtì kan gbáko ni! Kí a máa gbé àpò sìmẹ́ńtì kan kiri lójoojúmọ́, lọ sí oko, bọ̀ láti oko, láìrí ẹni tí yóò fi kọ́lé: ìyẹn ni ìwúwo irin túmọ̀ sí. Fún kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà tàbí ọkọ̀ kékeré tí bátìrì ń gbé, èrè ńlá nìyẹn. Fún agbégilódò tí ó ru ìtì gẹdú bíi mélòó kan, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti wúwo ju odindi ọkọ̀ kékeré lọ, ife omi kan tí a bù kúrò nínú odò ni.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí. Irin ti bá wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ògún Lákáayé ni ó ni ín, àwọn ará Oǹdó sì ń ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní, tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bá alágbẹ̀dẹ jó nínú rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní irin lọ́jà lónìí, tí òyìnbó ń pè ní stíìlì, ni irin tí a fi èédú díẹ̀ kún inú rẹ̀. Nínú irú tí àwọn ajórin wa ń lò, èédú náà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Alumíníọ̀mù, ọmọ àná ni. Inú amọ̀ ni ó sá sí, kò sì sí iná ààrò tí ó lè fà á jáde ní ìrọ̀rùn, àfi ìgbà tí ó di ọdún 1886, tí Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, láìmọ ara wọn, rí i pé iná mànàmáná ni yóò lè tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn. (Ọdún kan náà ni a bí àwọn méjèèjì, 1863; ọdún kan náà ni wọ́n sì kú, 1914. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ni, a bá ti gbẹ́ ère ìbejì fún wọn.) Iná yẹn kì í ṣe kékeré: tọ́ọ̀nù alumíníọ̀mù kan ń jẹ tó ẹgbẹ̀rún 14 yúníìtì, irú èyí tí à ń ra káàdì rẹ̀ sínú mítà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ àlòkù rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú 20 iná yẹn ni yóò tó, èyí sì ni ó fi jẹ́ pé àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti ra kóńdẹ́mù kì í fi ojú kan náà wo ìkòkò alumíníọ̀mù tí ó lu àti irin bẹ́ẹ̀dì tí ó dá.

Nàìjíríà ti nawọ́ sí àwọn méjèèjì. Ààrò ńlá tí ó yẹ kí ó máa yọ irin ní Àjàòkúta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nígbà ìjọba Shagari pẹ̀lú àwọn ará Soviet, kò tíì yọ irin kan jáde títí di òní. Ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù ti Ikot Abasi, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 193,000 lọ́dún, sì ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó dé ìsọ̀ ajórin ní Ọ̀rẹ̀, láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, tàbí láti inú àlòkù tí a tún yọ́, kílò alumíníọ̀mù kan sì ju ìlọ́po méjì owó irin lọ.

Ọ̀ràn owó ṣì kéré. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù lọ, tí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì mẹ́nu bà, ni ọ̀ràn àárẹ̀. Ẹ mú wáyà kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ní ìgbà kìíní kò ní í kán, ní ìgbà karùn-ún ó lè má kán, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá dáwọ́ dúró yóò kán dandan, kì í ṣe nítorí pé agbára yín pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò ṣe nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni férémù ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ tí ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Irin ní ààlà kan, tí ó súnmọ́ ìdajì agbára tí ó lè fà á já. Bí ìnira tí ń dé bá a kò bá ti rékọjá ààlà náà, a lè gbọ̀n ọ́n ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà kí ó máa wò wá níran. Alumíníọ̀mù kò ní irú ààlà yẹn. Kò sí ìgbọ̀nrìrì tí ó kéré jù fún un láti kọ sílẹ̀. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí olówó èlé ti ń kọ orúkọ ajigbèsè, ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ bá sì kún ni yóò là, ní àárọ̀ ọjọ́ tí a kò di ẹrù tí ó ju ti àná lọ. Ní oṣù January àti oṣù April ọdún 1954, bàálù Comet méjì já láti ojú ọ̀run sínú òkun Mẹditaréníà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò, àárẹ̀ ni wọ́n bá lára awọ alumíníọ̀mù rẹ̀. Títí di òní ni àwọn oníbàálù ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan gbéra tí ó sì balẹ̀. Ta ni yóò bá wa ka iye kòtò tí ó wà ní ọ̀nà oko Odígbó?

Ẹ wá wo agbégilódò ní ọjọ́ tí ó bá ń jáde láti inú igbó lẹ́yìn òjò, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ibi tí kò ti lè ṣubú lù yín. Táyà iwájú lápá òsì gun kùkùté, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún rì sínú ẹrẹ̀, orí ọkọ̀ dojú kọ ìlà oòrùn, ìdí rẹ̀ kò gbà. Férémù náà yóò lọ́ bí ẹni pé obìnrin méjì ń fún aṣọ òkè láàárín ara wọn, yóò ké, yóò dún rakaraka, nígbà tí ọkọ̀ bá sì dé ilẹ̀ títẹ́jú, yóò nà padà. Lílọ́ yẹn wà nínú ohun tí àwọn tí wọ́n ṣe é rò tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀pá ìdábùú ṣáàsì ọkọ̀ ńlá fi sábà máa ń jẹ́ èyí tí a fi ribẹ́ẹ̀tì tàbí bóòtù kàn, tí a kò jó pọ̀, kí oríkèé wọn lè rọra yẹ̀ díẹ̀. Ìdí náà nìyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lu ihò sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣáàsì, kí a má sì jó ohunkóhun mọ́ ọn níbẹ̀. Ó ń dùn mí pé ìkìlọ̀ yìí ni a kò kà sí jù lọ ní gbogbo ojú ọ̀nà wa. Mo ti rí ṣáàsì tí wọ́n jó irin mọ́ ní etí, tí ó là láti ibi ìjó náà gan-an bí ẹni fi ọ̀bẹ ya àgbàdo.

Ìjó ni mo sọ yìí. Ibẹ̀ ni ajórin wa ti di olùkọ́, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì di akẹ́kọ̀ọ́. “Bàbá,” ni ó wí, “irin máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó yọ́. Á pọ́n bí ojú ẹyẹlé, á di bí epo pupa, á wá funfun. Ojú mi ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Alumíníọ̀mù kì í sọ nǹkan kan. Á dákẹ́, á dákẹ́, lójijì á já wálẹ̀ bí òrí tí oòrùn pa.” Òdodo ni. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní dígíríì 660, nígbà tí irin ń dúró títí di nǹkan bí 1,500, ṣùgbọ́n kì í pọ́n kí ó tó yọ́. Èyí tí ó tún burú ni pé awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀, tí atẹ́gùn ń hun fún un níṣẹ̀ẹ́jú tí a bá ti fá a, awọ náà kò sì ní í yọ́ títí iná yóò fi kọjá dígíríì 2,000. Ẹ ronú ẹyin tí èèpo rẹ̀ jẹ́ òkúta: inú ti dà bí omi kí èèpo tó mọ̀ pé a dáná sí òun. Nítorí náà ni ẹ̀rọ tí a fi ń jó o ṣe yàtọ̀, tí ó ń lo iná tí ń yí síwá-sẹ́yìn láti tú awọ náà ká, tí a sì ń tú gáàsì ágọ́ọ̀nù bò ó kí atẹ́gùn má bàa dé ibẹ̀. Bí òróró ìka ọwọ́ bá kàn án lásán, ihò wẹ́wẹ́ yóò wà nínú ìjó náà. Irin kò bèèrè gbogbo èyí. Jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìjórin, ọ̀pá ìlẹ́kítíróòdù kan àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, ó parí.

Ìṣòro kejì nínú ìjó ni ohun tí ojú kò rí. Bí a bá jó irin lásán dáadáa, ojú ìjó náà lè lágbára tó irin fúnra rẹ̀. Alumíníọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe férémù, irú tí wọ́n ń pè ní 6061-T6, iná ààrò ni wọ́n fi sè é kí ó tó le, bí ó bá sì ti jáde, agbára rẹ̀ kò jìnnà sí ti irin lásán. Ṣùgbọ́n iná ajórin yóò tú iṣẹ́ ààrò náà ká, tó bẹ́ẹ̀ tí etí ibi tí a jó yóò fi pàdánù ohun tí ó súnmọ́ ìdajì agbára rẹ̀, kò sì ní í gbà á padà àfi bí a bá gbé odindi férémù padà sínú ààrò tí ó lè gbé e mì. Ibi tí a jó náà sì ni oríkèé, ibi tí ìnira pọ̀ sí jù. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n mọ èyí, wọ́n sì ń fi nínípọn, ìgbátí àti bóòtù gbára dì fún un.

Ní ti ìpẹtà, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà: inú páìpù ni ìpẹtà ti ń jẹ irin, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kùn ní ọ̀dà, nítorí náà kí a dí ẹnu páìpù pa pátápátá tàbí kí a lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè jáde. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, afẹ́fẹ́ iyọ̀ etí òkun Ìlàjẹ kò sì rí i gbé ṣe tó irin. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú ń jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù, sìmẹ́ńtì tútù náà sì ń jẹ ẹ́. Bí a bá sì fi bóòtù irin lásán dè é, tí omi òjò bá wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò san gbèsè àwọn méjèèjì. Rọ́bà tàbí ọ̀dà tí ó nípọn ni a fi ń yà wọ́n.

Gbogbo èyí ni a ti ń sọ nígbà tí Bàbá na ọwọ́ sí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ó wà nínú koríko lẹ́yìn ìsọ̀, tí igi ara rẹ̀ ti jẹrà tán, tí ṣáàsì rẹ̀ sì ṣì nà gbọọrọ lórí ilẹ̀. “Bọ́lẹ̀kájà kọ́ nìyí?” Bọ́lẹ̀kájà ni, inú mi sì dùn pé òun ni ó rí i, kì í ṣe èmi, nítorí pé ìdáhùn ti wà nínú koríko yẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Nígbà ayé àwọn ọkọ̀ Bedford, ṣáàsì irin pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti ojú ọkọ̀ ni ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kan gbogbo ara tí ó kù, tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ǹṣì sí i, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí iwájú rẹ̀. Irin ni egungun. Ohun tí ó fúyẹ́, tí ọwọ́ ẹni tí ó wà nítòsí lè tún ṣe, ni ẹran ara. Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Land Rover tí ó jáde ní ọdún 1948, nígbà tí irin wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí irin ti wọ́n tó nì, òun náà ni wọ́n fi ṣe ṣáàsì. Ní nǹkan bí ọdún 65 lẹ́yìn náà, Ford sọ ara ọkọ̀ akérù F-150 di alumíníọ̀mù ní Amẹ́ríkà, láti orí èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2015, ìwúwo rẹ̀ sì fi ohun tí ó tó kílò 300 dínkù; férémù rẹ̀, irin ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí, irin tí ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ tí egungun wọn pàápàá jẹ́ alumíníọ̀mù wà, bí Audi A8 ti ọdún 1994, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí èyí tí a fi ń kó kòkó.

Bàbá wá bèèrè ìbéèrè kan tí mo rò pé ó ju gbogbo ìṣirò tí mo ti ṣe lókè yìí lọ: “Bí ó bá là sínú oko ńkọ́?”

“Bí irin bá là, sà, ẹ wá ajórin tí ó bá súnmọ́ yín jù, bí ẹ bá dé Odígbó ẹ ó rí, bí ẹ bá dé Àjùé ẹ ó rí. Bí alumíníọ̀mù bá là, ẹ gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi, èmi náà yóò gbé e lọ sí Èkó.”

Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tí ó gbé wúwo. Bàbá ní kí ó fi irin ṣe férémù, kí ó sì fi pẹrẹsẹ alumíníọ̀mù ṣe ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ibi tí kòkó yóò wà, kí rọ́bà táyà wà láàárín wọn níbi gbogbo tí bóòtù bá ti wọlé. Wọ́n dúnàá-dúrà pẹ́ lórí owó iṣẹ́, wọ́n sì fi àdéhùn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ó dìde, ó tún bojú wẹ̀yìn wo páìpù alumíníọ̀mù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 tí ó ṣì dábùú orí búlọ́ọ̀kù. Ó gbé e. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo nà án sókè, ó ń wo orí rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wo ẹ̀ka igi.

“Ọ̀gá wẹ́dà, èló ni ẹ máa ta èyí? Ọ̀pá oparun tí mo fi ń ká kòkó ti ń pa mí ní èjìká.”